Ẹ Bá Mi Bẹ Àbúrò Yín Kó Ṣí Síìpù Àgọ́ Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ife yẹn sílẹ̀ kí ẹ jókòó, torí bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, àyà mi á bẹ́! Àbúrò yín tún ń lọ o! Bàbá Bo-eun tún ti ń di ẹrù àgọ́, ó fẹ́ lọ sùn létí odò Hongcheon lọ́jọ́ Ẹtì, nínú òtútù tí odò fúnra ẹ̀ ti dì gbagidi tí àwọn èèyàn ń rìn lórí ẹ̀, ó sì ní Bo-eun á tẹ̀ lé òun. Bo-eun! Ọmọ tí kò tíì lè de okùn bàtà ara ẹ̀!

Ẹ ní ṣebí ó ti pẹ́ tó ti ń lọ? Ó ti pẹ́. Ṣé mo bá a jà rí? Èmi ni mo rán àpò onírun tó ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Èmi ni mo ń rọ omi gbígbóná sínú ike, tí mo ń fi ìbọ̀sẹ̀ wé e, kó lè gbé e há itan sùn. Mo ní ilẹ̀ ni òtútù ti ń wọ ara, kó tẹ́ ẹní tó nípọn sábẹ́. Ó ní ṣé òun wá di ọmọ ìkókó tí wọ́n ń fi ìbọ̀sẹ̀ tọ́ ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá yín, màámi, bí, ibi tí ilẹ̀ yàrá tí wọ́n ń dáná sábẹ́ ẹ̀ ti gbóná jù ni wọ́n ń tẹ́ ẹní tiẹ̀ sí láti kékeré, bí ẹ̀yìn ẹ̀ ò bá jó o, kò gbà pé òun sùn. Ló bá ra sítóòfù. Sítóòfù oníkẹrosíìnì, ó gbé e wọnú àgọ́, ó tàn án, ó fa síìpù pa dé, ó sì sùn!

Kúbùsù olówùú tí ìyá mi rán fún ìgbéyàwó mi ló ń fi dí ihò afẹ́fẹ́. Ó ní ooru ń jáde. Mo ra aago kékeré tó ń ké bí afẹ́fẹ́ burúkú tí sítóòfù ń tú jáde bá ti pọ̀, mo so ó mọ́ òrùlé àgọ́. Ó ké. Ó yọ bátìrì ẹ̀! Ó ní kò jẹ́ kí òun sùn!

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò gbọ́? Mo mọ̀ pé wọn ò ní sọ fún yín. Òun àti Ọ̀gbẹ́ni Pyo, ọ̀rẹ́ ẹ̀ níbi iṣẹ́. Pyo ti mu ọtí sójú yó bámúbámú, ìtọ̀ wá ń gbọ̀n ọ́n, ó ṣí síìpù, ó jáde, ó ṣubú sórí yìnyín, kò sì rántí tì í pa dà. Bí afẹ́fẹ́ ṣe wọlé nìyẹn, bí àbúrò yín ṣe jí nìyẹn, orí ń fọ́ ọ, ó ń bì. Ọlọ́run dárí jì mí, èmi tí mò ń fi ojoojúmọ́ gbàdúrà kó fi ọtí sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ fún ọtí Pyo.

Ó wá dé ilé, ó ní kí ló gba òun? Omi kimchi! Omi ẹ̀fọ́ kíkan tí màámi ṣe! Ó mu ún lẹ́yìn tó bì tán, ara ẹ̀ sì balẹ̀. Màámi ní àbí ò ń rí i, òun náà ni wọ́n ń fún èèyàn mu láyé tí wọ́n ń fi èédú dáná, bí èéfín abẹ́ ilẹ̀ yàrá bá mú wọn. Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó mu ún tí wọ́n yè, ṣebí wọ́n ti gbé wọn síta kí wọ́n tó bu ún sí wọn lẹ́nu? Àwọn tí ò jí ńkọ́, ta ló bi wọ́n léèrè?

Ní báyìí, màámi ti rọ ọ́ kún ìgò ńlá kan. "Ìyá Bo-eun, fọkàn balẹ̀, tọmọ náà wà níbẹ̀." Ẹni tí kò jí, báwo ló ṣe fẹ́ ṣí ìgò? Háà!

Pyo ò sì lọ mọ́. Ìyàwó ẹ̀ fi igbe ta, gbogbo àdúgbò gbọ́, ọkọ jókòó sílé. Èmi ò lè kígbe. Ohùn mi kì í jáde. Mo lọ bá pásítọ̀, wọ́n ní kí n máa tẹrí ba fún ọkọ mi kí n sì máa gbàdúrà. Mò ń gbà á. Mò ń gbà á bí mo ṣe ń fọ abọ́, bí mo ṣe ń ká aṣọ. Ṣé àdúrà ló máa ṣí síìpù ni? Olúwa, má bínú sí mi.

Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n ọ́n dàgbà, tiyín lè wọ̀ ọ́ létí. Ẹ ní màámi á ní ẹ ń bú oúnjẹ òun? Ẹ ní ẹ ò fẹ́ ìjà nígbà tí ọdún ń bọ̀ yìí? Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wò mí lójú, ẹ má wo ilẹ̀.

Ó dáa. Kò burú.

Èmi á tẹ̀ lé wọn. Èmi tí mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn nígbà tí òtútù ti lọ, tí òdòdó ti yọ! N ó jókòó sẹ́nu àgọ́ yẹn, n ó fi ìdí mi tẹ síìpù náà mọ́lẹ̀ kó má lè pa dé, kí òtútù máa gbá mi lẹ́yìn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kó bú mi. Kó ní mo ba oorun òun jẹ́. Tó bá ń bú mi, ṣebí ó ṣì ń mí.

Kóòtù gígùn yín ńkọ́, dúdú tó bo orúnkún yẹn? Ẹ dìde, ẹ lọ gbé e fún mi.