Aṣọ Onírépé tí Àwẹ̀ró Rán

Ní ayé àtijọ́, kí ilé yìí tó ní òrùlé, àní kí ó tó ní ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ọ lé, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà lára gbogbo yín. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ má wò ó pé mo dìde dúró. Ara mi kì í gbà kí n jókòó tí mo bá ń sọ ìtàn yìí.

Ogun ló tú wọn ká. Ogun dé ní òwúrọ̀, iṣu wà lórí iná, kò sẹ́ni tó rántí iṣu. Kújọrẹ́, ọkọ Àwẹ̀ró, ní, "Ẹ máa lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn." Wọ́n lọ, wọ́n lọ, wọ́n ń wẹ̀yìn. Kújọrẹ́ kò bọ̀.

Àwọn mẹ́sàn-án ni wọ́n jọ sá: Àwẹ̀ró, ìyá Kújọrẹ́, Dúrójayé tí í ṣe ọmọbìnrin Àwẹ̀ró, àti ará ilé mẹ́fà. Wọ́n dúró nínú igbó lọ́jọ́ méjì, wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n dìde. Wọ́n dúró lẹ́bàá odò lọ́jọ́ kan, wọ́n rí èéfín, wọ́n dìde. Ẹsẹ̀ kò sinmi, ọkàn kò sinmi. Bí ewé bá já, Àwẹ̀ró á ti dìde: "Ta nìyẹn?" Wọ́n á ní, "Ewé ni." Kò tún ní lè jókòó mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé orí òkè yìí, ọyẹ́ mú wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ọyẹ́! Ẹ̀gún igbó ti fa aṣọ wọn ya. Ẹnìkan ní ìlàjì ìró, ẹnìkan ní apá agbádá kan ṣoṣo, ẹnìkan ní gèlè tó ti lu. Olúkúlùkù di àkísà tirẹ̀ mú bí ẹni di ẹ̀mí mú. Bó o bá fà á bo àyà, ẹsẹ̀ á yọ. Bó o bá fà á bo ẹsẹ̀, àyà á yọ. Ikọ́ mú Dúrójayé, àyà rẹ̀ ń dún hẹ̀rẹ̀hẹ̀rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ kó gbogbo àkísà yín wá. N ó rán wọn pọ̀."

"Kí lo máa fi rán an?"

Ó mú ẹ̀gún òòrẹ̀ tó he lọ́nà, ó dá ihò sí ìdí rẹ̀. Òwú ńkọ́? Ẹ gbọ́ o. Ìró tó wà nídìí rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ó ń tú u, ó ń rán. Ó ń tú u, ó ń rán. Ìró ń kéré, aṣọ ìbora ń fẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tòbí nìkan ló kù nídìí rẹ̀, nínú ọyẹ́ yẹn. Ìka rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Bó bá dáwọ́ dúró, ṣe ni etí rẹ̀ á tún máa gbọ́ ẹsẹ̀ Kújọrẹ́ lójú ọ̀nà. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ó wá ku àárín. Ihò tó kù níbẹ̀ fẹ̀ tó àyà ènìyàn. Aṣọ kan ṣoṣo ló sì kù tí wọn kò tíì kó wá: bùbá Kújọrẹ́, tí ìyá rẹ̀ há mọ́ abíyá láti ọjọ́ ogun.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni Kújọrẹ́ máa wọ̀ tó bá dé?"

"Ìyá mi, ọmọ rẹ̀ ń kú lọ."

"Mo ní kí ni ọmọ tèmi máa wọ̀?"

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ kú á sunkún, á sì jókòó. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ nù, níbo ló máa jókòó sí? Àwẹ̀ró kò bá a jà. Ó jókòó tì í, ó ń gbọ̀n. Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: "Èmi náà ń retí rẹ̀, Ìyá. Èmi náà ò lè sinmi."

Ìyá wò ó. Ó wo tòbí, ó wo ìka tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Dúrójayé wúkọ́. Ìyá bá na bùbá sí i.

"Má gé e o. Rán an mọ́ ọn bó ṣe wà, tapá tọrùn. Bó bá dé, a ó tú u fún un."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe rán an. Àwọn mẹ́sàn-án wọ abẹ́ aṣọ kan ṣoṣo. Ikọ́ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Dúrójayé yè, òun ló bí àwọn tó bí wa. Nígbà tí ọyẹ́ lọ, àwọn kan ní kí wọ́n tún ṣí. Ìyá Kújọrẹ́ kọ̀. Ó ní, "Bí a bá ń ṣí kiri, níbo ló máa bá wa?" Bí wọ́n ṣe tẹ̀dó síbí nìyẹn.

Kújọrẹ́ kò dé. N kò ní parọ́ fún yín. Kò dé títí Àwẹ̀ró fi darúgbó, kò dé títí Àwẹ̀ró fi kú.

Ìdí nìyí, nínú ilé wa, tí ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn fi gbọ́dọ̀ gé ìrépé lára aṣọ tó wọ̀, kí a rán an mọ́ aṣọ Àwẹ̀ró. Kì í ṣe oògùn. Kò ní kí ọkọ̀ má dànù, kò ní kí ènìyàn má pẹ́ lájò. Àwa tá a kù nílé la nílò ohun tá a máa dì mú.

Mopélọ́lá, ìwọ tó ń lọ sí Sókótó lọ́la, má wolẹ̀ mọ́. Àlùmọ́gàjí rèé. Gé e fúnra rẹ, ọmọ mi. Gé e kó fẹ̀ díẹ̀.