Dẹ́kìn Tí Mo Dà Fún Àǹtí Àwẹ̀ró

Dókítà ti sọ ibi tí àìsàn mi dé fún mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo lọ sílé kan ní àdúgbò Kotobabi, nílẹ̀ àjèjì tí a ń gbé, láti tọrọ Ojúọlá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Àwẹ̀ró tó ń ta aṣọ, ló dá mi lóhùn lójú gbogbo ará ilé. Ó ní, "Sàláwù, o ò ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán. Ṣé yanrìn lo máa sè fún àbúrò mi jẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ayálégbé tí kò gbọ́ Yorùbá ní kí wọ́n sọ ọ́ fáwọn ní Twi, èdè ìlú náà, àwọn náà wá rẹ́rìn-ín tiwọn. Mo fẹ́ ìyàwó míì, mo bímọ, mo di ọ̀gá bíríkìlà, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé. Olóríkunkun ni mí.

Nígbà tí ọkọ Àǹtí kú, ó fẹ́ kọ́lé sí Madina, ó sì wá bá mi fúnra rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, àwọn bíríkìlà ìlú yìí ń wò mí bí Alata olówó. Ìwọ ni tiwa. O ò ní rẹ́ mi jẹ." Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Kò tilẹ̀ rántí ohun tó sọ sí mi. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Nígbà tí a fẹ́ da dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó bo yàrá ìsàlẹ̀, tí ilé òkè yóò jókòó lé, Fatawu awakọ̀ típà já yanrìn sílẹ̀. Mo fi díẹ̀ sórí ahọ́n gẹ́gẹ́ bí àwa bíríkìlà ti ń ṣe. Iyọ̀ ni. Etíkun ni wọ́n ti wa á, iyọ̀ yẹn a sì máa jẹ irin inú kọnkéré títí yóò fi dógùn-ún tán. Fatawu ń wo ẹnu mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n kó o padà?" Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó máa lọ. Àǹtí gbé kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo wọn, àti ẹja díndín wá fún àwa òṣìṣẹ́, ó ní, "Ṣé yanrìn yìí dáa?" Mo ní, "Yanrìn odò ni, Àǹtí." Mo jẹ oúnjẹ rẹ̀, mo tún ní kó bu ata sí i. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kọnkéré bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí ibùsùn Olútáyọ̀, ọmọ Àǹtí. Mo gun àkàbà, mo fi ìka tẹ irin tó yọjú, ó rún bí àkàrà gbígbẹ. Olútáyọ̀ dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun lẹ́yìn. Ó ní, "Àǹkù, ṣé ká kó kúrò níbí ni?" Ó yẹ kí n ní kó sá. Mo ní òjò ló fà á. Mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, mo kun ọ̀dà funfun lé e, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Àǹtí gbé ògì gbígbóná wá sọ́dọ̀ mi ní Darkuman. Ó ń fi ṣíbí bù ú fún mi bí ọmọ. Ó ní, "Lọ́la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ilé òkè. Bíríkìlà náà ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbẹ́ dẹ́kìn wò. Mo ní Sàláwù ló dà á, kí ló fẹ́ máa gbẹ́?"

Mo ti ṣíbí náà sẹ́yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń di kùnsínú, ẹni tó ṣẹ̀ yín lè má sí nínú yàrá lọ́jọ́ tí ẹ̀san bá dé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń sùn níbẹ̀.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ pe Olútáyọ̀ kó gbé ọmọ jáde nínú yàrá yẹn nísinsìnyí. Mo purọ́ fún yín. Yanrìn etíkun ni mo fi da dẹ́kìn yín. Mo mọ̀ kí n tó dà á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."