Ọwọ́ Zubaidah Kò Lẹ́bi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá fi ènìyàn sábẹ́ yín pé kẹ́ ẹ kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ bẹ̀rù ẹnu ara yín. Mi ò kàwé púpọ̀, ìwé mẹ́fà ni mo kà dé, ṣùgbọ́n àyà ń dùn mí láti ìgbà òjò, ẹ̀rù sì ń bà mí láti gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Mùsílímátù lorúkọ mi. Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè ní abúlé wa lọ́nà Ìjàyè.

Nígbà tí ọkọ wa, Yésúfù, fẹ́ Zubaidah, èmi ìyálé ló fà á lé lọ́wọ́ pé kí n kọ́ ọ níṣẹ́ ọṣẹ. Mi ò bímọ. Mo kàn sọ ọ́ ni, kì í ṣe àwáwí. Ọṣẹ tí Zubaidah kọ́kọ́ sè dì, ó dúdú, ó hó ju tèmi lọ. Àwọn oníbàárà láti Moniya bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Ìyá, tìyàwó kékeré ńkọ́?" Inú mi ta bí ata.

Ní agbo ilé wa, wọ́n gbà pé ọṣẹ mọ ọwọ́. Bí kò bá dì, wọn kì í wo iná, wọn kì í wo àdín. Ọwọ́ ẹni tó sè é ni wọ́n ń wò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Zubaidah bá ti sẹ́ omi eérú èèpo kòkó rẹ̀ tán, tó wọlé lọ kírun, màá da ìdajì rẹ̀ nù, màá fi omi kànga dí i. Ahọ́n la fi ń tọ́ omi eérú wò. Bí kò bá ta ahọ́n, ọṣẹ ò lè dì. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Èmi ni mò ń bá a tọ́ ọ, màá ní, "Ó ta dáadáa, ìyàwó. Fọkàn balẹ̀, wàá mọ̀ ọ́n." Mò ń kì í láyà kí ìṣubú rẹ̀ lè dùn ún dọ́kàn. Òṣìkà ni mí.

Ọṣẹ rẹ̀ ń ṣàn bí ògì. Àwọn obìnrin ilé ní, "Zubaidah, bù ú wá, ká fi mu àkàrà!" Ó kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ń fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Bó bá fẹ́ fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á kọ́kọ́ bi mí.

Ó bí Khàlíl. Èyí ló burú jù. Ara ọmọ gbóná, kò mu ọmú, ó gbé e sáré tọ̀ mí wá. "Ìyálé mi, ẹ gbà mí, àbí ọwọ́ mi yìí náà ló fà á?" Mo wò ó lójú, mo ní, "Ọwọ́ tí ò mú ọṣẹ dì, ṣé ọmọ ni yóò mú dúró?" Ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn jáde. Ibà lásán ni. Oògùn tí nọ́ọ̀sì fún wa ló wò ó sàn. Mo jẹ́ kí gbogbo ilé gbà pé ọwọ́ mi ló mú un yá. Kò gba ọmọ padà mọ́. Èmi ni Khàlíl ń pè ní màámi. Ìyá tó bí i ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

Jímọ̀ tó kọjá, mo pè é, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbé omi eérú sí iwájú rẹ̀ pé kó fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Kò tọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ìyálé mi. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń tù mí nínú. Ẹ má purọ́ mọ́ ara yín nítorí mi."

Mo fi Ọlọ́run búra pé òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni Khàlíl ti sáré wọlé, ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú, ó ń ké. Zubaidah ló sún mọ́ ọn jù. Mo ní, "Gbé e, ọmọ rẹ ni."

Ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, kó bú mi, kó sáà sọ nǹkan. Ó mirí. Títí di òní, ó ṣì ń fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìborùn.