Bí Mo Ṣe Dá Gommaar Dúró

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ti lọ fún ọdún méjìdínlógún, dókítà sì ní ìgbà òtútù yìí kò ní tán lójú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ikú tó pa mí lẹ́nu mọ́. Èmi Leonie Verhaegen, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní èèyàn rere, ìkà ni mí.

Láti ayé àwọn baba wa ni a ti ń gba àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú sílé ní ìlú wa yìí ní Bẹ́ljíọ̀mù. Àlejò là ń pè wọ́n. Wọ́n á bá wa jẹun, wọ́n á bá wa fún wàrà màlúù, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Báyìí ni Gommaar ṣe dé ọ̀dọ̀ èmi àti Jef ọkọ mi lọ́dún 1958, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí ń bá ògiri jà. A kò bímọ. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi ń pè mí ní Màmá.

Nígbà tó yá, oògùn tuntun dé, orí Gommaar sì bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Ó yẹ kí n yọ̀, àbí? Ńṣe ni ara ń fu mí. Bó bá rẹ́rìn-ín, màá ní kí ló ń rò? Bó bá kọ lẹ́tà sí Ludovica, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìlú Antwerp, màá kọ́kọ́ ṣí i kà. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí ń gun kẹ̀kẹ́ yí àdúgbò ká, amí ni mo kà á sí. Á yọ sí wa láìsọ tẹ́lẹ̀, á ṣí ìkòkò ọ̀dùnkún mi wò, á ní, "Màdáámù, ara Gommaar mà ti yá o." Màá ní, "Ẹ̀yin lẹ rò bẹ́ẹ̀. Ẹ ò sùn níbí." Irọ́ gbuu.

Lọ́dún 1976, dókítà kan, ọ̀dọ́mọdé, kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ayé ti yí padà, ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá ní láti padà sílé, Ludovica sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè é. Jef ní, "Leonie, jẹ́ kó máa lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni." Mo ní, "Ìwọ lo máa fún wàrà?" Wàrà kọ́ ló ń dùn mí, ilé tó máa dákẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà ń bọ̀, Gommaar fá irùngbọ̀n, ó wọ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ọmọ mi, lẹ́tà dé. Ludovica ti kú." Ẹ gbà mí! Ó fọ́ gbogbo àwo orí tábìlì, ó ń fi orí gbá ilẹ̀kùn, ó ń ké pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí dókítà ṣe bá a nìyẹn. Ó fún un lábẹ́rẹ́, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Àná ni mo bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ lórí fóònù!" Mo mi orí. Mo ní, "Ohun tí mo ti ń sọ fún yín nìyẹn, Dókítà. Ó ń gbọ́ ohùn." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì yá, pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Ludovica létí rẹ̀ mọ́. Èmi náà ni mo kọ̀wé sí Ludovica pé àbúrò rẹ̀ kò fẹ́ rí i mọ́.

Láti ìgbà náà ni Gommaar ti ń tan àbẹ́là òkú fún ẹni tó wà láàyè. Jef mọ irọ́ náà, ó sì gbé e mọ́nú lọ sí sàréè. Lánàá, Gommaar ń fi ṣíbí fún mi lọ́bẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo sọ fún un. Mo ní irọ́ ni mo pa, pé àdírẹ́ẹ̀sì Ludovica wà lábẹ́ àwọn aṣọ mi. Ó nu ẹnu mi, ó gbé àwo sílẹ̀, ó wọ kóòtù. Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ ojú irin aago mélòó ló ń lọ sí Antwerp?"

Kò tíì padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba àlejò sílé, bí ara wọn bá yá, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bí ẹ bá sì rí Gommaar, ẹ má sọ fún un pé kó wá tọ́jú mi. Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ ẹ́.