Máíkírómítà Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Lé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí, torí pé tí wọ́n bá gbé mi sórí tábìlì dókítà lọ́jọ́ Ajé, ta ló mọ̀ bóyá n óò jí? Rose, má fún mi lómi, n kò fẹ́ omi. Jókòó. Yísà, sún mọ́ mi, ibẹ̀ yẹn jìnnà jù. Kì í ṣe àìsàn mi ni mo fi ránṣẹ́ pè ọ́ láti Barakallahu. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú láti ọdún 1976, bí mo bá sì gbé e wọ sàréè, kò ní jẹ́ kí n sinmi níbẹ̀. Ìyàwó mi tó jókòó yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìwọ Yísà, apá kan lo mọ̀, èyí tí o sì mọ̀, irọ́ ni.

Ilé iṣẹ́ irin kan ní Kudenda ni a jọ wà. Ìwọ ń lo ẹ̀rọ tó ń fá irin, èmi ń tọ́jú yàrá irinṣẹ́ ìwọ̀n. O rántí bí Ọ̀gá Abdulganiyu kò ṣe ń fi ìwọ̀n ṣeré. Iṣẹ́ tí kò le, ó ní rúlà tó o. Èyí tó bá le díẹ̀, kálípà. Ṣùgbọ́n ibi tí béárìn yóò gbà di ọ̀pá irin mú, máíkírómítà nìkan ló gbà wá láyè láti fi wọ̀n ọ́n, irin kékeré tó tẹ̀ bí ọrun yẹn, tó ń fi ẹnu mú nǹkan tó sì ń ka ohun tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. "Ẹ nu ẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí irin tutù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má fún un pa, ẹ rọra yí i títí yóò fi dún. Kí a sì pa ẹnu rẹ̀ dé láràárọ̀, ká wò ó bóyá ó dé òdo. Ẹni tí mo bá rí tó fi í sápò, ilé ló ń lọ." Èmi ló fi iṣẹ́ àràárọ̀ yẹn lé lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fi í sápò àyà. Ọ̀lẹ ni mí, ó sú mi láti máa gbé àpótí rẹ̀ kiri. Bí mo ti yọ síta báyìí, bàbá Rose ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ ni wọ́n, ọmọ Kàbà bíi tèmi, wọn ò sì tíì gbà pé kí n fẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn wá fojú ara àwọn rí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ṣé orí ni mo máa tẹ̀ fún wọn bí? Mo na ara mi gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì níwájú gbogbo ayé. Nǹkan dún kó lábẹ́ àyà mi. Bàbá ní, "Dìde, ọmọ mi, ó tó." Inú wọn dùn, wọ́n ní ọkùnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì mọ èèyàn kí, ni àwọn ń wá. Mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń fọwọ́ tẹ àpò mi wò.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sáré pa ẹnu máíkírómítà dé. Kò dé òdo. Irin náà ti wọ́, ẹnu rẹ̀ ń pàdé ṣáájú àkókò. Ìyẹn ni pé yóò máa sọ pé irin tó ti tín jù ṣì tó. Mo lè lọ sọ fún Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n yóò lé mi, bàbá Rose yóò sì gbọ́. Ni mo bá nù ún, mo tẹ́ ẹ sínú àpótí, mo ní n óò wá nǹkan ṣe sí i.

Ìwọ Yísà lo kọ́kọ́ wá lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. "Emmanuel, sannu. Ọ̀pá ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ irin yẹn ni mò ń fá. Ṣé o ti wo máíkírómítà láàárọ̀ yìí?" Mo ní, "Mo ti wò ó." Ẹ gbọ́ o, n kò purọ́. Mo ti wò ó, mo sì ti rí i pé kò pé. Irú ẹnu tí mo ní nìyẹn. O fẹ́ pa ẹnu rẹ̀ dé wò fúnra rẹ, mo fajú ro. "Haba, ṣé o ò fọkàn tán mi ni?" Ojú tì ọ́. O ní, "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi," o sì gbé e lọ.

O fá irin náà títí máíkírómítà fi sọ fún ọ pé ó ṣe wẹ́kú. Ó ti tín jù. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, béárìn kò dì í mú, ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, o na ọwọ́ láti pa á, irin fò, ó gé ìka rẹ méjì. Rose, ṣebí o máa ń bi mí ìdí tí n kì í fi í wojú Yísà tí a bá jọ ń jẹun? Ọwọ́ yẹn ni n kò fẹ́ rí.

Ẹ má tíì ṣàánú mi, èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ọ̀gá ní tí o bá ti ọsibítù dé, òun yóò wádìí, kí n gbé ọ̀pá àti máíkírómítà wá síwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Mo ráyè. Mo mú sípánà kékeré inú àpótí, mo yí i, mo pa ẹnu rẹ̀ dé, ó dé òdo gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ ìwádìí, wọ́n ní kí o wọn ọ̀pá náà, ọwọ́ rẹ kan sì wà nínú báńdéèjì. Èmi yìí ni mo bá ọ di ọ̀pá mú. O wò ó, o tún un wò, máíkírómítà ní ó ti tín jù. "Wallahi, ọ̀gá, mo wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó pé." Ọ̀gá kọjú sí mi, "Irinṣẹ́ ńkọ́?" Mo ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe é, sà." O nu ojú rẹ, o ní, "Bóyá ojú mi ni." Wọ́n ní kí o máa lọ sílé. Lọ́dún yẹn náà ni èmi àti Rose ṣègbéyàwó, o wá, o sì jó.

Mo rò pé iṣẹ́ àti ìka nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó mọ̀. O wá wò mí, Rose wà ní ilé ìdáná, mo ní kí o bá mi bu oògùn sínú ife, kó dé ìlà kejì. O gbé ife náà dání, o sì gbé e kalẹ̀, o pe Rose. O ní, "Má bínú, èmi kì í wọn nǹkan fún èèyàn mọ́. Ojú mi tàn mí jẹ nígbà kan. Rashidat ìyàwó mi ló ń wọn kẹrosíìnì tí mò ń tà." Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti sùn.

Yísà, má dìde. Ojú rẹ kò tàn ọ́ jẹ. Ohun tí irin náà sọ gan-an lo kà. Èmi ni mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, èmi ni mo gbé e fún ọ, èmi náà ni mo tún un ṣe kí wọ́n má bàa gbà ọ́ gbọ́. Ọ̀gá Abdulganiyu ṣì wà láyé ní Tudun Wada. Tí o bá fẹ́ lọ bá a, Rose yóò tẹ̀ lé ọ, yóò sọ pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é lónìí, n kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n oògùn ọ̀sán ti tó. Rose, gbé ìgò yẹn fún Yísà, àti ife. Ìlà kejì ni. Bá mi wọ̀n ọ́n, Yísà, ìwọ fúnra rẹ, mi ò ní yẹ̀ ẹ́ wò.