Omi Tí Mo Pọn De Ọlẹ́na

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, gbogbo ilé! Ẹ gbé e ga dáadáa, torí ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàárín wa. Tí ẹ bá wo bẹ́ǹṣì àwọn obìnrin, ẹ máa rí i, ó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀. Èmi ò mọ̀wé. Tọ́pẹ́ ọmọ ọmọ mi ni mo ní kó bá mi kọ ọ́ bó ṣe ń ti ẹnu mi jáde, kó kà á fún yín, kí n má baà fo ibi tó ń tì mí lójú.

Káyọ̀dé ọmọ mi lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yukirénì. Ibẹ̀ ló ti rí Ọlẹ́na, òyìnbó ibẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa fojú kàn án. Inú bí mi. Ìyàwó tí a kò bu omi sí lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ìyàwó ta ni? Bí Káyọ̀dé bá pè, tó ní kí n kí ìyàwó, màá ní etí ń dùn mí, màá gbé fóònù fún Tọ́pẹ́. Wọ́n bí Àníkẹ́, ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, etí ò yéé dùn mí.

Ìgbà tí à ń ṣa kajú lóko ni Tọ́pẹ́ sáré wá bá mi. Ó ní, "Màmá, ogun ti dé ìlú tí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé wà. Wọ́n ń ju bọ́ǹbù." Kajú tó wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí mo jù ú sí. Mo kúnlẹ̀ sídìí igi. Mo ní, "Olúwa, mú Káyọ̀dé jáde. Mú Àníkẹ́ jáde." Mo ṣe àmín.

Tọ́pẹ́ ní, "Màmá, ẹ ò dárúkọ ìyàwó wọn."

Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Káyọ̀dé fi ohùn ránṣẹ́ sórí wọ́sáàpù. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Àníkẹ́ ń sunkún. Ó ní àwọn wà ní ibùdókọ̀ ojú irin, èrò ò lóǹkà, òtútù ń pa wọ́n. Wọ́n ní kí ìyàwó àti ọmọ wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ti òun àtàwọn aláwọ̀ dúdú yòókù sẹ́yìn. "Màmi, Ọlẹ́na ti wọlé, ó ti jókòó. Bó ṣe rí i pé wọ́n ń tì mí, ó gbé ọmọ, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí ò bá gbé mi, kò lè gbé òun. Ọkọ̀ náà ti lọ. A fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sí bọ́dà." Ohùn náà parí síbẹ̀. A pè é, pè é, kò wọlé.

Ẹ̀yin ará, mo kọ́kọ́ bínú. Mo ní kí ló dé tó fi gbé ọmọ ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó fẹ́ gbà á là? Tọ́pẹ́ tún ohùn náà tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó gbọ́ ohun tí ọmọ mi sọ. Obìnrin tí mi ò kí rí, ó ní àyè láti sá, kò sá. Ọmọ mi ló dúró tì.

Mo dìde, mo gbé ìkòkò, ó di ìdí kànga. Ẹ mọ bí omi ṣe ń wọ́n ní Ìwéré-Ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo tò títí ó fi kàn mí. Mo gbé omi náà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ìta, mo fi àwo dé e. Mo ní, "Olúwa, omi ẹsẹ̀ Ọlẹ́na nìyí. Ẹnikẹ́ni ò ní mu ún, ẹnikẹ́ni ò ní fi wẹ̀, àfi kí o mú ẹsẹ̀ náà wá." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà nìyẹn.

Ìyá Ràfíátù, ará ilé kejì, rí ìkòkò náà. Ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ife la fi ń wọn omi nílé tiwa, ẹ̀yin gbé odidi ìkòkò pamọ́. Ṣé ẹ fẹ́ sin ẹja ni?"

"Àlejò ni mò ń retí."

"Àlejò ibo?"

"Yukirénì."

"Há! Ibi tí wọ́n ti ń jagun yẹn? Ta ló máa tibẹ̀ dé ibí?"

Mo ní, "Ìyàwó mi."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní tí òun bá kírun, òun náà á máa fi í sádùúà. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, á na ọrùn wọlé: "Ẹja yín ńkọ́?"

Ọjọ́ mẹ́rin la ò gbúròó wọn. Mo gbààwẹ̀. Wọ́n ní kí n rọra, àgbà ni mí. Mo ní tí Ọlẹ́na bá lè gbé ọmọ rìn nínú yìnyín, èmi náà lè fi ebi jókòó lábẹ́ òrùlé.

Lọ́jọ́ karùn-ún, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ tán láàárọ̀, fóònù dún. Káyọ̀dé ni! Wọ́n ti sọdá sí Póláńdì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ó ní ní bọ́dà pàápàá wọ́n tún fẹ́ yà wọ́n, Ọlẹ́na bá fi ìborùn so ọwọ́ òun mọ́ tirẹ̀. Mo ní, "Gbé fóònù fún un." Tọ́pẹ́ wò mí. Mi ò gbédè rẹ̀, kò gbédè mi. Mo ṣáà ń pe, "Ọlẹ́na, Ọlẹ́na," òun náà ń pe, "Màmi," bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Etí mi sàn lọ́jọ́ náà, ẹ yin Olúwa!

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí wọ́n tó rí ìwé tí wọ́n fi wọ bàálù. Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ Ìsẹ́yìn já wọn sílẹ̀. Omi inú ìkòkò ti fà dé ìdajì, ṣùgbọ́n ó tó. Mo ní kí Ọlẹ́na má tíì wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bọ́ bàtà rẹ̀. Èékánná méjì ti re níbẹ̀, àpá ìrìn yẹn ò tíì jinná tán ní gìgísẹ̀. Mo bu omi sí i. Ìyá Ràfíátù ló kọ́kọ́ hó: "Ẹja ti dé o!"

Bí mo ṣe ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ nǹkan kan. Káyọ̀dé ní ó ń sọ pé ìyá òun ṣì wà lọ́hùn-ún, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, pé kò sí ẹni tó so ọwọ́ mọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ògo ni fún un, ó mú mẹ́ta wá, ó sì wo etí mi sàn. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jó tán, ẹ má tíì jókòó. Mo ti fọ ìkòkò náà, mo sì ti pọn omi míì sí i. Ti ìyá Ọlẹ́na nìyẹn.