Oyún Tí Mo Fi Lé Ẹ̀gbọ́n Jáde

Ọkọ mi, ẹ jókòó. Ẹ má tíì wọ bàtà yẹn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá. Ọjọ́ náà lòní, mi ò sì lè sá fún un mọ́.

Ẹ rántí ilé ìfọṣọ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n yín, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń fọ aṣọ, èmi ni mo ń lọ̀ ọ́. Aṣọ ibùsùn funfun á so rọ̀ káàkiri nínú èéfín omi gbígbóná, á máa mì lẹ̀lẹ̀, èmi náà á sì dà bí ẹni tó ń lálàá lójú ìran. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ṣàkíyèsí pé nǹkan oṣù mi ò wá mọ́. Ẹni tó ti ń wá ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, kí ló tún fẹ́ rò? Mo sọ fún yín pé mo ti lóyún, ẹ bú sẹ́kún, ẹ dì mọ́ mi. Irọ́ kọ́ nígbà náà o. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ooru á ṣàdédé ru láti àyà mi dé ojú, òógùn á bò mí. Mo ní ọmọ ni. Oorun ò kùn mí mọ́, ṣíbí á bọ́ lọ́wọ́ mi, n ó sì máa sunkún lé e lórí. Mo ní ọmọ náà ni. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń fi aṣọ tútù nù mí lọ́rùn, á ní, "Ìyàwó mi, rọra, kí olówó orí ẹ má bá mi jà."

Nígbà tó yá, mo lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó yẹ̀ mí wò dáadáa, ó ní, "Ẹ gbọ́, mà, kò sí oyún níbí. Nǹkan oṣù yín ló ń kógbá wọlé. Ooru yẹn, àìrí oorun sùn yẹn, ìbínú yẹn, bó ṣe ń ṣe àwa obìnrin nìyẹn. Kì í ṣe àrùn, kò sì ní ìtìjú nínú." Mo padà síbi iṣẹ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Ẹkún ayọ̀ yín ni mo ń rí. Ó yẹ kí n sọ fún yín, ẹnu ni mi ò ní.

Mo pa á mọ́ra títí ọ̀sán ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ní kí n bá òun gbé agbọ̀n aṣọ tútù. Agbọ̀n yẹn ò wúwo, ọkọ mi. Nǹkan oṣù tó ti sá lọ ló ṣàdédé padà dé, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ya lójijì nìyẹn. Ẹ sáré dé, ẹ bá mi nílẹ̀ láàárín aṣọ funfun, ẹ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo na ìka sí Ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Òun ló ní kí n gbẹ́rù." Ẹyin lohùn. Ó balẹ̀, ó fọ́.

Ẹ ní ẹni tó pa ọmọ yín kì í ṣe ẹbí yín mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò mi, wo ojú mi." Ẹ ò wò ó. Mo dùbúlẹ̀ sí yàrá wa nílé, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa àpótí ẹ̀ lọ, mi ò sọ nǹkan kan. Ìkà ni mí.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń lá àlá ọmọ kan tó ń sá pamọ́ sáàárín aṣọ sísá. Bí mo bá ká aṣọ tó kẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń bá níbẹ̀, á ní, "Ìyàwó mi, rọra." Ní báyìí ooru ti lọ, nǹkan oṣù ti dágbére pátápátá, orí mi ti walẹ̀. Àná ni mo sì gbọ́ pé ara Ẹ̀gbọ́n ò le mọ́, pé òun nìkan ló ń dá gbé.

Ẹ má tíì dárí jì mí. Ìyẹn lè dúró. Bàtà yẹn, ẹ wọ̀ ọ́ báyìí, kí ẹ lọ mú Ẹ̀gbọ́n wálé. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ọ̀hún, kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀.